Kànga Ni Kí Ẹ Bi: Bí Òkúta Ṣe Ń Di Ilẹ̀ Lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà mélòó kan sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Mo ti yọ ibi tí àwàdà mi ti pọ̀ jù kúrò.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n fi kànga bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti agbẹ́kànga rí nílùú yìí á mọ ohun tí mo ń sọ. Ohun tí korobá kọ́kọ́ ń gbé jáde ni ilẹ̀ dúdú, tí gbòǹgbò koríko wà nínú rẹ̀. Kì í sábà jìn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ pupa. Tó bá yá, ohùn dígà á yí padà: ó ti kan yangí. Níbẹ̀ ni agbẹ́kànga ti máa ń jókòó, táá ní owó tí ẹ jọ dá kò kan ti yangí. Bí ẹ bá fi kún un, tó já a, amọ̀ ló kàn, pupa níbí, funfun lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn amọ̀, ẹ óò rí nǹkan kan tó jọ òkúta lójú, àmọ́ tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, á fọ́ bí àkàrà tó sùn. Abẹ́ rẹ̀ ni àpáta gidi, dígà ò sì ràn án mọ́.

Òkúta kan náà ni gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Mo gbé ègé kan lára òkúta tó ti jẹrà yẹn wá, a sì ń gbé e kiri báyìí. Ẹ fún un wò. Ìyẹ̀fun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, feldspar ni kó tó di amọ̀. Èyí tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, mica ni. Hóró líle tó ń ha ọwọ́ yín, quartz ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ di àpáta gíránáìtì tó pọ̀ ní agbègbè wa, omi òjò sì ti bọ́ sí àárín wọn.

Ẹ má rò pé omi òjò ò lágbára. Bó ṣe ń bọ̀ látojú sánmà ló ti ń gba gáàsì carbon dioxide mọ́ra. Tó bá wọlẹ̀, gbòǹgbò àti kòkòrò tún fi tiwọn kún un, omi náà á wá kan díẹ̀, bí omi ògì ọjọ́ kìíní. Omi kíkan yìí ló ń jẹ feldspar títí yóò fi di amọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Irin inú àwọn hóró dúdú tó wà nínú òkúta náà á dípẹtà gẹ́gẹ́ bí páànù orí ilé ṣe ń dípẹtà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa ti pọ́n. Quartz nìkan ni omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí jẹ. Òun ló ń ṣẹ́kù, òun sì ni yanrìn tí ẹ fi ń po sìmẹ́ǹtì.

Yangí ńkọ́? Omi ti ṣàn gba inú ilẹ̀ náà fún ọdún gbọọrọ, ó kó èyí tó lè yòrò lọ, ó fi irin àti aluminium sílẹ̀. Òjò á rẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ ẹ́, títí á fi le koko. Dókítà ará Scotland kan, Francis Buchanan, rí irú rẹ̀ ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gé e bí búlọ́ọ̀kù, ó sì sọ ọ́ ní laterite nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1807, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó ń jẹ́ bíríkì. Tiwa ti ní orúkọ ní tirẹ̀: ta ni kò mọ yangí Èṣù?

Àwọn ẹlẹ́mìí náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ekòló ń gbé ilẹ̀ mì, ó ń yà á sókè. Ìkán ń ru amọ̀ kúnná láti ìsàlẹ̀ wá fi mọ ọ̀gán. Ní 1941, Hans Jenny, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ka ohun márùn-ún tó ń sọ ilẹ̀ di irú èyí tó jẹ́: irú òkúta tó wà lábẹ́, ojú ọjọ́, ohun ẹlẹ́mìí, bí ibẹ̀ ṣe ga tàbí tó rẹlẹ̀, àti àsìkò. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu sórí òkè, tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀, ti mọ ẹ̀kẹrin láìka ìwé.

Kí ni ká wá sọ nípa àpáta tó yọrí síta, bí Òkè Àdó-Àwáyè tí adágún Ìyáké wà lórí rẹ̀? Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni gíránáìtì ti dì, púpọ̀ lára tiwa láti bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta mìíràn ló bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó ti ní ẹ̀là púpọ̀ ni omi ti rí ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ jẹrà, àgbàrá sì kó o lọ. Ibi tí kò lẹ́là ló ṣẹ́kù tó dúró bí òkè. Bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́, àpáta náà ń wú díẹ̀díẹ̀, ó ń bó bí àlùbọ́sà. Lára ẹrù yẹn ti bá odò Ògùn lọ sí ọ̀sà Èkó. Ìgbà tí ará Èkó bá ń bá wa ṣe fáàrí, ẹ rántí pé yanrìn wa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ti àgbàrá ló dùn mí jù. Sẹ̀ǹtímítà kan ilẹ̀ lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dá, ọ̀wàrà òjò kan ṣoṣo sì lè gbé e lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti wà níhòòhò. Ẹ̀kán òjò ńlá ń já bọ́ ní bíi mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri tí ẹ kùn ní funfun: pupa tó ta sí i lára dé orúnkún yẹn, ẹ̀kán òjò ló ta á síbẹ̀. Ẹ wá ṣírò òrùlé. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní mítà 12, tí òjò mìlímítà 50 rọ̀ lé lórí, lítà 6,000 ló ń dà sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 240 nìyẹn, ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń rọ̀ sí.

Lóko, ẹni tó bá la aporo láti orí òkè wá sísàlẹ̀, ọ̀nà ló là fún àgbàrá. Kí aporo dábùú òkè. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ẹ ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nílé ni mo ń bọ̀. Mo wọ agbo ilé àtijọ́ kan láìpẹ́ yìí. Ìpìlẹ̀ ilé ti yọ síta, gbòǹgbò igi máńgòrò ti gbé ara sókè bí ejò. Bàbá tó ni ilé sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ kan ni àwọn fi ń wọlé láti àgbàlá. Báyìí, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní ilé ló ga sókè. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ilé yín ò kúrò níbi tó wà. Àgbàlá ló lọ." Bí òjò àti ìgbálẹ̀ àràárọ̀ bá jọ kó mìlímítà 5 péré lọ́dún, láàárín 60 ọdún, ẹsẹ̀ bàtà kan ti lọ. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò ní òun ò ní í wólé, onílé ni ò ní í gbà fún un. Ní agbo ilé yẹn, onílé ló ń gbálẹ̀ de àgbàrá.

Nígbà ìbéèrè, ìyá àgbàlagbà kan dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n wá máa jókòó sínú ìdọ̀tí ni?"

Mo ní, "Rárá, ìyá. Ẹ ṣa ewé, ẹ kó pàǹtí, àmọ́ ẹ má ha ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí koríko hù létí ilé, kí ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀."

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ṣé òun náà ò ní jẹrà?"

"Yóò jẹrà, mà. Àmọ́ èmi àti ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Èló ni típà kan báyìí?"