Ẹ̀bùn Ẹ̀mí Tó Wà Lọ́wọ́ Yín, Ibo Lẹ Ti Ń Lò Ó?

Ẹ̀yin brọ́dà mi, ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀mí la fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ta ni Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ ti mọ ìyẹn, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣì í ni mo ń lọ tààrà.

Tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀bùn ẹ̀mí fún ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tọ́kàn ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ ni àsọtẹ́lẹ̀, fífi èdè fọ̀, ìwòsàn. Tí ò bá wá rí ọ̀kankan nínú wọn lára ẹ̀, ó parí nìyẹn, á lọ jókòó sẹ́yìn, á ní ti wòlíì àti pásítọ̀ ni. Rárá o! Ẹ lọ wo Róòmù 12 ẹsẹ 6 sí 8. Àsọtẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ìkọ́ni, ìgbani-níyànjú, fífúnni, ṣíṣe olórí, ṣíṣàánú, ibì kan náà ni Pọ́ọ̀lù to gbogbo wọn sí.

Bésálẹ́lì ńkọ́? Ẹ́kísódù 31. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló sọ pé òun ti fi Ẹ̀mí òun kún ọkùnrin yẹn, kí ló wá fi ṣe? Ó fi ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, ó fi gbẹ́ igi, ó fi gé òkúta. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni o! Káfíńtà tó ń wo fídíò yìí, wẹ́dà tó ń wò ó, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Ó dáa, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í nìyí, ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Ẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè pé "kí lẹ̀bùn mi?" Ẹ ó gbààwẹ̀ lé e, ẹ ó máa retí àlá, ẹ ó máa retí wòlíì tó máa pè yín jáde láàárín èrò, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ààwẹ̀ dáa, mi ò bá a jà. Àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni "ta ló nílò ìrànlọ́wọ́ nítòsí mi?" torí 1 Kọ́ríńtì 12 ẹsẹ 7 ti là á mọ́lẹ̀, àǹfààní gbogbo ìjọ ni wọ́n torí ẹ̀ fún kálukú. ẸNI TÓ WÀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ YÍN NI WỌ́N TORÍ Ẹ̀ FÚN YÍN LẸ́BÙN. Mo tún un sọ o, ẸNI TÓ WÀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ YÍN! Ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í ran èèyàn lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí ibi tọ́wọ́ yín ti ń bá a mu, tí ara ń tu àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń padà wá bá yín láìjẹ́ pé ẹ polówó.

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti dàgbà, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, mi ò rántí pé ó gba máíkì rí. Àmọ́ tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, lẹ́yìn ìsìn ẹ ó rí i tó fọwọ́ lé onítọ̀hún léjìká, ọwọ́ tí ọ́ìlì ṣì dúdú lábẹ́ èékánná ẹ̀, wọ́n á jọ rìn lọ sídìí mángòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, etí ló máa ń fi sílẹ̀. Tó bá yá, á tún wá a délé. Àwọn ọkùnrin tí ò lè sọ ìṣòro wọn fún pásítọ̀, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ìgbani-níyànjú nìyẹn, ẹ̀bùn ẹ̀mí pọ́ńbélé.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sípánà 10 gan-an, ẹni tó bá ti jókòó ti mẹkáníìkì rí á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Jáàkì ló tóbi, òun lojú máa ń kọ́kọ́ rí, àmọ́ tí sípánà 10 bá sọnù, iṣẹ́ dúró nìyẹn, gbogbo ọmọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri abẹ́ mọ́tò, torí nọ́ọ̀tì orí bátìrì ń dúró dè é. Ẹ wá ka ẹsẹ 22 nínú 1 Kọ́ríńtì 12 yẹn: ẹ̀yà ara tó jọ pé kò lágbára, òun gan-an la ò lè ṣe aláìní.

Ẹ wo àwọn bàbá wa náà. Ní 1928, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run, nígbà tó fi máa di 1930, èrò ti ń ya lọ síbi ìsọjí ẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Gbogbo wa la mọ̀tàn yẹn, gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ló fẹ́ dà bíi Babalọlá. Ta ló fẹ́ dà bí Akínyẹlé? Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ààrẹ àkọ́kọ́ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), òun náà ló jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Lójú tèmi, ẹ̀bùn ìṣàkóso tó wà ní 1 Kọ́ríńtì 12 ẹsẹ 28 ni bàbá yẹn gbé, ó lò ó nínú ìjọ, ó gbé e gorí ìtẹ́ Ìbàdàn. Èrò tí ajíhìnrere bá kó wọlé, ta ló máa tò wọ́n tí ò bá sí irú Akínyẹlé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè lo ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ yẹn gan-an ni! Ìyá àgbà tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù ní báńkì, tí gbogbo ìlà ń kùn sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn káńtà lẹ máa ṣàánú ẹ̀, "pẹ̀lú inú dídùn" sì ni Róòmù 12 wí. Àti nílé! Ọkùnrin tó ń gba gbogbo ẹgbẹ́ níyànjú, tó wá ń délé tó ń jágbe mọ́ ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ta ló wá ń gba ọmọ yẹn níyànjú? Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe tò ó nínú 1 Kọ́ríńtì, ẹ̀bùn ní orí 12, ẹ̀bùn ní orí 14, ó wá fi ìfẹ́ sáàárín ní 13.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe lálẹ́ òní nìyí. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta inú Róòmù 12 yẹn, ẹsẹ 6 sí 8, sétí ìyàwó yín, tẹ́ ò bá tíì gbéyàwó, ọ̀rẹ́ tó mọ̀ yín dénú. Ẹ bi í pé èwo ló rí lára yín, kẹ́ ẹ má sì bá a jiyàn o! Tó bá ní fífúnni ni, tó jẹ́ pé ìkọ́ni lẹ̀yin ti ń rò, ẹ wá ẹnì kan tó nílò nǹkan kó tó di ọjọ́ ìsinmi, kẹ́ ẹ fún un láìpariwo. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ padà wá, ìmọ̀yàtọ̀ ẹ̀mí la máa gbé yẹ̀ wò nínú fídíò tó ń bọ̀.