Tó Bá Tilẹ̀ Jẹ́ Ọ̀mùtí Ńkọ́?

Àsàláámù aláékùm, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú Jímọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kúrú lónìí, inú ló ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọkùnrin kan ṣubú nítòsí mọ́sáláṣí bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde níbi ìrun Mọ̀gàríbì. Ó ti kọ́kọ́ ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ahọ́n rẹ̀ wúwo, òógùn bò ó. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ní, "Ó ti mutí yó." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó. Àwọn tí omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lára wọn ká etí aṣọ sókè kó má baà kàn án, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan yọ fóònù, ó ń ya fídíò. Ọmọbìnrin kan tí kò borí, irú èyí tí àwa náà ì bá ti dájọ́ fún ká tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ló kúnlẹ̀ tì í, tó sì rí káàdì nínú àpò rẹ̀ pé alárùn àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ gbọ́ o, kó má ṣe yín mọ́. Alátọ̀gbẹ tó gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tí oúnjẹ ò sì tètè dé inú rẹ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó mutí. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní ohun tó ní ṣúgà. Tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, omi pàápàá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ wá àwọn oníṣègùn.

Ohun tó wá dùn mí jù ni àwọn tó ń wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. "Àfáà, a ò mọ̀ pé àìsàn ni. A rò pé ọ̀mùtí ni." Bíi pé ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Tó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀mùtí ńkọ́? Ṣé kó kú síbẹ̀ ni? Wọ́n mú ọkùnrin kan tó mutí wá síwájú Ànọ́bì, wọ́n nà án. Bó ṣe ń lọ, ẹnì kan ní kí Ọlọ́hun dójú tì í. Ànọ́bì kọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ olùrànlọ́wọ́ Ṣàétánì lórí arákùnrin wọn. Ọ̀mùtí ni ní tòótọ́ o, Ànọ́bì ṣì pè é ní arákùnrin.

Abu Huraira, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, gba hádíìsì kan wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, n kì í sì í sú láti sọ ọ́. Ọkùnrin kan ní, "Lálẹ́ òní, màá ṣe sàárà." Ó gbé sàárà rẹ̀ jáde, ó sì fi lé ẹnì kan lọ́wọ́. Hádíìsì ò sọ pé ó bi í pé ta ni. Àṣé olè ni. Ilẹ̀ mọ́, ẹnu aráyé ò sì gbófo: "Wọ́n ṣe sàárà fún olè lánàá!" Ọkùnrin yìí gbọ́, ó ní, "Ọlọ́hun, Tìrẹ ni ọpẹ́! Màá tún ṣe sàárà." Ó tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ alágbèrè ló bọ́ sí. Àwọn ará ibẹ̀ tún ti gbé e. Ó ní, "Ọlọ́hun, Tìrẹ ni ọpẹ́, lórí alágbèrè!" Ó tún jáde, ó bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ó ní, "Ọlọ́hun, Tìrẹ ni ọpẹ́, lórí olè, lórí alágbèrè, lórí olówó!"

Mo fẹ́ràn ọpẹ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ àwa ni, lẹ́yìn ti olè yẹn la ó ti pe ìpàdé, a ó yan ìgbìmọ̀, sàárà á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wá bá a, wọ́n ní sàárà rẹ̀ ti gbà. Bóyá olè á tìtorí rẹ̀ jáwọ́ nínú olè jíjà, bóyá alágbèrè á fi àgbèrè sílẹ̀, bóyá olówó á rí i kọ́gbọ́n, á máa ná nínú ohun tí Ọlọ́hun fún un. (Sàká, ìtọrẹ tó jẹ́ ọ̀ranyàn, yàtọ̀ o. Ìyẹn ní àwọn tó tọ́ sí, oríṣi 8, nínú Suratut-Tawbah nínú Al-Kùránì.)

Ojú wa kì í kúkú ríran dáadáa. Nínú Suratul-Baqarah, áyà 273, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ àwọn aláìní kan tí aláìmọ̀kan á rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọn kì í tọrọ. Ẹni tó wọ aṣọ tó mọ́, a ní kò níṣòro. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ fàya, a ní ọ̀lẹ ni. Ta ló wá kù tí a ó ràn lọ́wọ́?

Ẹ ó ní àwọn oníjìbìtì pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣọ́ra, pe ẹlòmíràn mọ́ra, tẹ́rù bá ń bà ọ́, dúró lókèèrè kí o ké sí àwọn tó lè gbà á. Èyí tí n ò gbà ni kí o kọjá, kí o tún wá ẹ̀ṣẹ̀ kan lé e lórí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ pé o kọjá. Ìyẹn gan-an ni àbá dídá tí Ọlọ́hun ní ká jìnnà sí nínú Suratul-Hujurat.

Ẹ sì mọ̀ pé Ọlọ́hun á bi wá. Nínú hádíìsì tó wà nínú ìwé Muslim, Ó máa sọ lọ́jọ́ àjíǹde pé, "Ọmọ Ádámù, Mo ṣàìsàn, o ò bẹ̀ Mí wò." Ẹrú á ní báwo ni òun ṣe máa bẹ Olúwa gbogbo àgbáyé wò. Ọlọ́hun á ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ẹrú Mi lágbájá ṣàìsàn ni? Ká ní o bẹ̀ ẹ́ wò, ò bá bá Mi lọ́dọ̀ rẹ̀." Lágbájá ni Ó pè é. Kò sọ pé ẹrú Mi tó ń kírun, kò sọ pé èyí tí kì í mutí. Ìwọ tí o ní ọwọ́ rẹ mọ́ jù láti fi kan ẹni tó wà nílẹ̀, kí lo fẹ́ wí níwájú Rẹ̀?

Ọlọ́hun, forí jìn wá. Lọ́jọ́ tó bá kàn wá láti ṣubú, fi ẹni tí kì í béèrè irú èèyàn tí a jẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀. Àmín. Ẹ ka Suratul-Kahf kí oòrùn tó wọ̀, ẹ sì jẹ́ kí àsàlátù fún Ànọ́bì pọ̀ lẹ́nu yín.