Báwo la ṣe ń ṣe adájọ́ ìdíje iṣẹ́ ọnà àdúgbò?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Wọ́n ti ní kẹ́ ẹ wá ṣe adájọ́ ìdíje iṣẹ́ ọnà àdúgbò, àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, àwòrán ti kún ara ògiri, ẹ ò sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì lọ síbi ògiri yẹn. Kí ẹ̀yin adájọ́ kọ́kọ́ jókòó, kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí ohun tẹ́ ẹ ń wá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé èrò inú iṣẹ́ ló máa gba máàkì jù ni àbí bí ọwọ́ ẹni tó ṣe é ṣe já fáfá tó? Torí téèyàn bá ti rí iṣẹ́ tó wù ú tán, kò ní pẹ́ tó fi máa wá òfin tó bá a mu, kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣojúsàájú.

Ẹ ní kí wọ́n bo orúkọ, kó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Bí ọmọ yín tàbí ẹni tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta, kẹ́ ẹ yẹra fún ìsọ̀rí yẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá wọlé, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ká láìkọ máàkì. Iṣẹ́ téèyàn kọ́kọ́ rí ló sábà máa ń fi díwọ̀n ìyókù, nígbà tó bá sì fi máa dé ti ìkẹyìn ojú á ti rẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí adájọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àwòrán ńlá aláwọ̀ títàn á máa pè yín látòkèèrè, èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà sórí bébà kékeré ò ní pe ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló ń kọ mí lóminú jù. Ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 15, ẹ ò lè kó wọn pọ̀ rárá. Ní Ọsirélíà, ìdíje ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Young Archie pín wọn sí mẹ́rin: ọdún 5 sí 8, 9 sí 12, 13 sí 15, àti 16 sí 18. Tí ọmọ kékeré bá ya ìyá ẹ̀ tí ọwọ́ ìyá wá tóbi ju orí lọ, ẹ má yáa pè é ní àṣìṣe, ó lè jẹ́ ọwọ́ yẹn gan-an ló ń wò lójoojúmọ́. Ohun tí ọmọ fojú ara ẹ̀ rí lẹ máa wá, kì í ṣe bó ṣe jọ fọ́tò tó. Tẹ́ ẹ bá fura pé àgbà ti bá a fọwọ́ sí i, ẹ má fẹ̀sùn kàn án, ẹ ní kí àwọn olùṣètò bi í bó ṣe ṣe é, ọmọ tó ṣe é fúnra ẹ̀ á mọ ibi tó ti fẹ́ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà náà ò dọ́gba. Ẹlòmíì ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kódà Turner Prize, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Ìlú Ọba, láti 1991 ni wọn ò ti gba ẹni tó bá ti pé 50 ọdún, 2017 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò, ọdún yẹn náà ni ayàwòrán kan, Lubaina Himid, gbà á lẹ́ni ọdún 63.

Ọ̀rọ̀ AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá ya àwòrán téèyàn bá ti sọ ohun tó fẹ́ fún un, ńkọ́? Ní 2022, àwòrán tí ọkùnrin kan, Jason Allen, fi Midjourney, ọ̀kan lára irú AI bẹ́ẹ̀, ṣe gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà níbi Colorado State Fair ní Amẹ́ríkà, ariwo ta. Ó kọ Midjourney sílẹ̀ o, àwọn adájọ́ ni ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tẹ́ ò gbà ṣáájú.

Kí kálukú dá kọ máàkì tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí ẹni tóhùn ẹ̀ ròkè máa ń fa àwọn tó kù. Ẹ má sì kàn ro máàkì pọ̀ ṣá, adájọ́ kan lè máa fún èèyàn ní 3 níbí àti 10 lọ́hùn-ún, kí èkejì máa yí láàárín 5 sí 6, ti ẹni àkọ́kọ́ nìkan láá wá pinnu gbogbo ẹ̀. Kí kálukú to márùn-ún tó wù ú jù tẹ̀léra wọn, kẹ́ ẹ wá lọ dúró níwájú àwọn iṣẹ́ yẹn kẹ́ ẹ jiyàn.

Àwọn tí ò gba nǹkan kan, pàápàá àwọn ọmọ, ẹ kọ gbólóhùn kan sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kó má jẹ́ "ó dáa, tún gbìyànjú". Ẹ kọ "mo rí bó o ṣe jẹ́ kí òjò bo ìdajì ilé yẹn", kẹ́ ẹ sì fún un kó tó wá yọ àwòrán ẹ̀ lára ògiri.