Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Náà Kí Ẹ Tó Wá Ohùn Orin fún Un

Ẹ bá mi kọ ìlà àkọ́kọ́ orin ìsìn "Wá bá mi gbé", ẹ rọra kọ ọ́. "Wá bá mi": mí mí re. Ó bá ẹnu mu. Ẹ wá dé orí "gbé". Ọ̀rọ̀ ní ká gòkè, orin já wálẹ̀ sí dò! Ẹni tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀, "gbè" ni yóò gbọ́. "Alẹ́" gòkè dáadáa, àmọ́ "lẹ́ tán" tó yẹ kó dúró lókè tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni W. H. Monk ṣe ohùn yẹn fún ní 1861.

Ìdí nìyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, tó sì gba púpọ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. Ekundayo Phillips, tó di atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó ní 1914, gba ọ̀nà yìí náà.

Ó yá, tiwa. "Ọba ńlá, a dé." Ẹ má tíì kọrin o! Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu lásán: re re mí mí re mí. Orin ti wà níbẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ re àti mí gan-an. "So so la la so la" náà yóò ṣe é. Bí onídùndún ṣe ń fún ọṣán tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, tó ń dẹ̀ ẹ́ tó bá wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ẹsẹ kejì ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Wọ́n á da "Olùgbàlà, a dé" sínú ohùn kan náà. Sílébù mẹ́fà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n re dò dò dò re mí ni. "Ńlá" wà lókè, "gbàlà" wà nílẹ̀. KÍKA SÍLÉBÙ NÌKAN KÒ TÓ! Ẹ jọ̀ọ́, kíka sílébù nìkan kò tó! Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn rẹ̀ bá ti ẹsẹ kìíní mu, tàbí kí ẹ yí orin padà níbẹ̀.

Èyí tó dára jù lójú mi ni lílé àti ègbè. Ègbè dúró sójú kan, gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n; ẹni tó ń lé ló ń yí ohùn bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń yí.

Ẹ̀yin olórí akọrin, báàsì (àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀) ńkọ́? Bí sopránò (àwọn tó ń kọ ohùn òkè) bá ń gòkè tí báàsì ń sọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni báàsì ń sọ. Kí wọ́n jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo wọn kọ ohùn kan ṣoṣo.