Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ná Ọjà Kí Ẹ Tó Ya Ìlà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kíláàsì ni mo gbé wá lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké Amẹ́ríkà, irú Grinnell, Carleton tàbí Swarthmore. Ẹni tó fẹ́ di dókítà, ẹni tó ń kọ́ dùùrù àti ẹni tó ń ka ìtàn ló jọ ń jókòó pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gba kọ́ọ̀sì ọrọ̀-ajé mìíràn mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí olùkọ́ bá wọlé, tó ya ìlà méjì tó dábùú ara wọn sójú pátákó, ọ̀kan fún òǹrajà, ọ̀kan fún òǹtajà, tó ní ibi tí wọ́n ti pàdé ni iye ọjà. Ọmọ á há a sórí, á yege, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tó gbé iye ọjà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ná ọjà. Ọmọ tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí Bódìjà ti gbọ́ “kò gbà, ẹ fi kún un” láìmọye ìgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Amẹ́ríkà kò ná ọjà rí. Wọ́n bá iye lára ọjà ni, wọ́n sì san án.

Akẹ́kọ̀ọ́ 16 àti páálí káàdì kan, irú èyí tí a fi ń ta ayò, ti tó. Ẹ mú káàdì pupa láti 2 dé 9, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fún òǹtajà 8. Ẹ mú dúdú láti 3 dé 10 fún òǹrajà 8. Nọ́ńbà pupa ni iye dọ́là tí òǹtajà fi kó ọjà wá, kò gbọdọ̀ tà á kéré sí i. Nọ́ńbà dúdú ni iye tí ọjà náà tó lójú òǹrajà, kò gbọdọ̀ rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà ẹyọ kan péré ni kálukú ní láti tà tàbí láti rà. Tí wọ́n bá jẹ́ 32, ẹ lo pupa oríṣi méjèèjì àti dúdú oríṣi méjèèjì. Tí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, òun ni yóò máa kọ iye sójú pátákó.

Ìṣẹ́jú 5 ni ọjà kan. Àwọn méjì tó bá ti fẹnu kò á wá sọ́dọ̀ olùkọ́, olùkọ́ á wo káàdì wọn, á sì ké iye náà síta kí gbogbo ilé gbọ́. Ní ọjà àkọ́kọ́, iye á fọ́n káàkiri: 4 níhìn-ín, 8 lọ́hùn-ún. Ẹ tún un ná lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 6, ìdúnàádúrà 4 tàbí 5 ni yóò sì wáyé. Kó káàdì jọ, pò ó, tún un pín, 6 náà ni wọn yóò tún máa fà sí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ nọ́ńbà yẹn fún wọn. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ya ìlà, káàdì ọwọ́ wọn sì ni kí ẹ fi yà á.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni kí iye má hàn síta tó, tàbí kí wọ́n ná ọjà lẹ́ẹ̀kan péré. Edward Chamberlin, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, dán irú ọjà báyìí wò ní Harvard, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Ní kọ̀rọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń dúnàá dúrà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Iye wọn kò bá ohun tí ìwé sọ mu. Vernon Smith, tó ti bá wọn kópa nínú eré náà ní Harvard, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní yunifásítì Purdue ní 1956: ó ní kí wọ́n máa ké iye tí kálukú fẹ́ rà tàbí tà síta, kí àwọn kan náà sì tún ọjà náà ná léraléra. Iye bá bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Kí wọ́n má fi káàdì han ara wọn. Bí 10 dúdú bá rí 7 pupa, wọn á pín in sí méjì, 8.50, ẹni tí kò yẹ kó rí ọjà tà, torí 7 rẹ̀ ju 6 lọ, á sì ti tà. Ìkánjú náà ń ṣàkóbá: bí 4 dúdú bá sáré rà lọ́wọ́ 2 pupa ní 3, àwọn méjèèjì jèrè, ṣùgbọ́n èrè gbogbo ọjà, ìyẹn àròpọ̀ àlàfo tó wà láàárín dúdú àti pupa nínú gbogbo ìdúnàádúrà, tó yẹ kó jẹ́ 20, kò lè kọjá 18 mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni owó orí ọjà. Kí òǹtajà máa san dọ́là 4 lórí ohun tó bá tà. Kí wọ́n tó ná an, kí kálukú kọ sórí pépà ẹni tí yóò ru ẹrù náà. Òǹtajà ni àwọn kan á kọ. Àwọn mìíràn á ní yóò kàn fi 4 lé 6, kó di 10. Ẹ ná an. Ẹ̀gbẹ́ 8 ni yóò fà sí. Òǹtajà gba 8, ó san 4, 4 ló kù sí i lọ́wọ́. Òǹrajà tó ń san 6 wá ń san 8. Wọ́n pín in ní dọgba. Ẹ wá gbé owó orí náà sọ́rùn òǹrajà: iye ọjà á wálẹ̀ sí 4, òǹrajà á fi 4 kún un, 8 náà ló ná an. Kò sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n 7 dúdú àti 5 pupa kò pàdé mọ́, èrè 2 tí wọn ì bá pín kò dé àpò wọn, kò sì dé àpò ìjọba. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí olùkọ́ dúró pẹ́ sí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ìlàjì-ìlàjì ni ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ 4 sórí pépà fún gbogbo òǹtajà 8, torí káàdì ayò kò ní tó. Ọjà á fà sí 4. Tí owó orí dé, á fà sí 8, òǹrajà nìkan ló ru gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ojú ìwé kan sí ẹni tí kò ka ọrọ̀-ajé rí, láìya ìlà kankan, kó ṣàlàyé ìdí tí iye kò fi dé 10. Ẹni tó bá kọ pé òǹtajà yóò ṣáà fi kún un, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà láìfún un ní máàkì, kí ẹ bi í pé ta ni, nínú àwọn tó mú káàdì dúdú, ló lè san 10.