Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Ọtí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Bí ẹnìkan nílé yín bá ń fi paraga tàbí ọtí inú ọ̀rá ṣínu láràárọ̀, tó wá ní òun fẹ́ jáwọ́, ó yẹ kínú yín dùn. Ṣùgbọ́n kó rí dókítà kó tó dá a dúró. Bó bá sì ti dá a dúró, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bó bá ti pẹ́, ọpọlọ náà á máa tì í padà, bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan náà síra wọn. Bí ọ̀kan bá yẹra lójijì, èkejì á já wọlé gbì.

Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè gbé ife ẹ̀kọ dé ẹnu kó má dà á sára. Á máa làágùn, á máa bì, oorun ò ní kùn ún. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló burú jù: á máa ṣa èèrà tí kò sí lórí ẹní, á máa dá ẹni tí kò sí nínú yàrá lóhùn, ara á gbóná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ní ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n á ní kó gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 3. Ọjọ́ tí ewu pọ̀ jù gan-an nìyẹn, ebi àti òùngbẹ á sì tún dá kún un. Ó ń pa èèyàn. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ ọsibítù ni kẹ́ ẹ ti gbà á.

Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pajáwìrì, ní UCH tàbí èyí tó súnmọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín: ẹ sọ iye tó ń mu gan-an àti ìgbà tó mu kẹ́yìn. Ohun tí dókítà á wò nìyẹn kó tó wọn diazepam, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, fún un, tí wọ́n á máa dín in kù fún bí ọjọ́ 5 sí 7. Wọ́n á tún gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi gúlúkóòsì sí i lára, torí ara ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọtí kì í sábà ní B1 tó, gúlúkóòsì á sì lo ìwọ̀nba tó kù. Ẹ má fúnra yín ra diazepam ní kẹ́mísì. Bó bá tún mu ọtí lé e, èémí lè dá.

Bí gìrì bá gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù.

Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ á ti dúró, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì lè kù. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn eku kúrò nílé, ẹ mú un padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Bílẹ̀ bá ṣú kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá sùn.