Níbo Lẹ Ń Gbé, Màmá?

Àsàlámù àléékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo sin màmá kan tó ń gbálẹ̀ ní Ọjà Ọba, níbí l'Ákùúrẹ́, lọ sí ilé ìwòsàn. Egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì ti ń rùn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn. Akọ̀wé tó ń ya káàdì bèèrè pé, "Níbo lẹ ń gbé, màmá?" Màmá ní, "Ọjà ni." Ó ní, "Àdírẹ́sì ni mo ní kẹ́ ẹ sọ." Màmá dákẹ́. Wọ́n fa etí ìró wọn bo egbò náà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n lọ wẹ̀ ná. Ẹni tí kò nílé, níbo ni yóò ti wẹ̀?

Èmi náà jẹ̀bi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kí màmá yìí, ìdí káàdì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn. Àsìtàgáfúrúlláhì.

Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé obìnrin kan ń gbá mọ́sáláṣí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà. Ànábì ò rí i mọ́, ó bèèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ti sin ín láìsọ fún un, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ànábì ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀.

Mọ́sáláṣí yẹn kan náà ni àwọn tí kò nílé ń sùn, tí à ń pè ní Ahlus-Suffah. Sàhábà Abu Hurayrah wà lára wọn. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n pàgọ́ sí fún sàhábà mìíràn, Sa'd bin Mu'adh, nígbà tó fara gbọgbẹ́ ní ogun Kandák, kí Ànábì lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì inú jámọ́ọ̀ wa, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní kí ẹnì kan lo oògùn lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bi í bóyá ó rí jẹ. Insulin, oògùn àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ń fẹ́ ibi tútù. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ páànù, ibo ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí? Oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń fi lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá jágbe mọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní kì í padà wá gba ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká, Súrátù Táóbà, áyà 60, dárúkọ onígbèsè. Ẹni tó sàn tán tí kò rí owó ilé ìwòsàn san, onígbèsè ni.

Nọ́ọ̀sì mìíràn ló padà fọ egbò màmá, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń dì í. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò tún padà lọ. Mò ń wá ẹni tó ní mọ́tò tí yóò gbé wọn, àti ẹni tó ní yàrá kan tó ṣófo, tómi wà níbẹ̀, títí egbò náà yóò fi jiná. Lẹ́yìn ìrun òní, ẹ bá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí.